Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tòkunbọ̀

Àwọn tó ń pè mí pé kí n bá àwọn wo ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ní Àkúrẹ́ níbí, ohun tí wọ́n sábà máa ń bi mí ni pé, "Ọ̀gá, ṣé ó ń sáré?" Gbogbo wọn ló ń sáré. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wádìí ni irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀: ta ló ń tú irú rẹ̀ nílùú yìí, mọ́tò mìíràn wo ló sì ń lò ó? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó kù díẹ̀ kí àwọn oníbàárà mi rà, ìbéèrè yìí ló dá wọn padà. Owó ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Mazda RX-8, torí òun ló ń wọ àwọn ọ̀dọ́ lójú jù. Ó lẹ́wà lóòótọ́, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wálẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni ìdí rẹ̀ wà. RX-8, tí wọ́n ṣe láti 2003 sí 2012, kò ní písítìn rárá. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí po nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà ní ṣóńṣó igun kọ̀ọ̀kan tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́bẹ̀. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá ti jẹ, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Kó má baà gbẹ, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi pọ́ǹpù kan sí i tó ń ta òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí epo ti ń jó. Nítorí náà, tí RX-8 bá ń mu òróró, kì í ṣe àìsàn, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Àmọ́ ó di dandan kí ẹni tó ni ín máa fa ọ̀pá òróró yọ wò ní gbogbo ìgbà tó bá ra epo. Ẹni tó ti mọ́ lára láti dúró de ìgbà tí iná pupa bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yóò pa á láìpẹ́.

Ó tún ní ìwà kan. Tí ẹ bá tan án nígbà tó tutù, tí ẹ sì pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, epo á rin àwọn pulọ́ọ̀gì gbingbin, kò sì ní fẹ́ tan mọ́. Ẹ wá ro bí nǹkan ṣe ń lọ níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀: wọ́n á tan mẹ́ta, wọ́n á sún wọn sẹ́yìn, kí ẹyọ kan tó lè ráyè jáde. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ RX-8 lójoojúmọ́ nìyẹn kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Alágbàkà fẹ́ sanwó RX-8 pupa kan báyìí. Láàárọ̀, ó tan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ká wà á gba ọ̀nà Ọ̀dá lọ ká sì padà, kó gbóná dáadáa, ká pa á, ká dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí bọ̀dá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kejì, stàtà ń yí, ó ń yí, ohùn rẹ̀ ń lọ geerege láìsí ìró hùn-hùn-hùn tí ẹ́ńjìnnì tó dì dáadáa máa ń fà. Ẹni tó ń tà á ní bátìrì ni. Bátìrì tó ti rẹ̀ kì í yí stàtà kíákíá bẹ́ẹ̀. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ti jẹ, tí wọn ò dí afẹ́fẹ́ mọ́ tí gbogbo ara bá gbóná. Géèjì tí à ń fi wọn ẹ́ńjìnnì onípísítìn kò lè sọ òtítọ́ lórí irú èyí, torí ojú tó lágbára jù nínú ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta irin onígun mẹ́ta náà nìkan ló máa fi hàn. Géèjì tirẹ̀ yàtọ̀. Bọ̀dá kó owó wọn padà sápò.

Porsche Boxster tún ni òmíràn. Ẹ ṣí iwájú, ibi ìkẹ́rù lẹ máa rí. Ẹ ṣí ẹ̀yìn, ibi ìkẹ́rù náà ni. Ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì wà, lábẹ́ ìbòrí tó gbọ́dọ̀ ṣí kọ́wọ́ tó dé ibẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an. Ọwọ́ tó ń fi rọ kọ́nà, n ò tíì rí irú rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó gbówó lórí jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe láti 1996 títí dé nǹkan bí 2008 ní béárìn kékeré kan lórí ọ̀pá tó ń yí ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fọ́, àmọ́ èyí tó bá fọ́ á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ pátápátá, kí ẹ sì tó pààrọ̀ rẹ̀, gíà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Àwọn ti 2009 síwájú kò ní béárìn yìí mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra ti àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n tú fílítà òróró, kí ẹ tẹ́ bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dán yinrinyinrin nínú òróró dúdú, irin ni. Ẹ má ṣe nájà mọ́. Ẹ tún yọjú wo inú àwọn ihò méjèèjì tó wà níwájú bọ́ńpà, ibẹ̀ ni rédíétọ̀ wà, ewé gbígbẹ sì máa ń dí wọn.

Mercedes SLK ń kọ́? Òrùlé irin rẹ̀ máa ń ká wọ ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á ṣí i, kó sì pa á dé lẹ́ẹ̀mejì lójú yín. Tó bá dúró sáàárín, ẹ rántí òjò Àkúrẹ́.

Èyí tí mo máa ń sọ pé kí wọ́n wò dáadáa ni Nissan 350Z. Ẹ́ńjìnnì VQ35 inú àwọn tó jáde ṣáájú ti 2007, òun náà ló wà nínú Maxima, nínú Murano, àti nínú Pathfinder ọdún 2001 sí 2004. Ẹni tó bá ti ń tún Maxima ṣe kò ní bẹ̀rù tó bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo páàtì ló máa wọlé síra wọn o, torí táyà ẹ̀yìn ni 350Z fi ń rìn, gíà rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀, kọ́ìlì, pulọ́ọ̀gì, irú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, ẹ ò ní sunkún kí ẹ tó rí wọn. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú rẹ̀. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ ní ìjẹkújẹ. Nígbà tí ẹ bá wà nídìí táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n kọ sára rẹ̀: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ìyẹn, kó wá Toyota Celica GT tó lo 1ZZ, ẹ́ńjìnnì inú Corolla 2003 tó kún ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, láti 2000, máa ń mu òróró, torí náà ẹ wo èéfín rẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó ti dúró fúngbà díẹ̀. Kò lágbára tó àwọn yòókù. Ó ń dé ilé, ó sì ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Irú ọkọ̀ yòówù tí ẹ bá yàn, ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó wọ̀lú, òmíràn ti fi orí gbá nǹkan rí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tẹjú mọ́ iná ẹ́yàbáàgì: ó gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Èyí tí kò tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀, kí ẹ́yàbáàgì má sì sí níbẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi tán. Ẹrẹ̀ tí omi gbé wọ ọkọ̀ máa ń fi ìlà sí ìdí rẹ̀, níbi tí ẹni tó fọ̀ ọ́ kò dé. Tí sitíárìn bá wà lápá òsì, ṣùgbọ́n tí wáípà ń nu apá ọ̀tún mọ́ tónítóní, tó fi igun iwájú dírẹ́bà sílẹ̀, wọ́n ti gé dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ yí i padà ni. Èmi ò ní gùn ún.

Sukánà, ẹ̀rọ tí mẹkáníìkì fi ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tó bá ní kò sí àṣìṣe kankan, ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Tí ọ̀pọ̀ wọn kò bá tíì parí, ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ bátìrì nígbà tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n pa àṣìṣe rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Sukánà kò lè sọ èwo ni. Ìrìn ló lè sọ ọ́: ẹ dé láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ gbé ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì kí ẹ rí i pé ó tutù, kí ẹ wà á dé ọ̀nà Ìdànrè kí ẹ padà, kí ẹ tún fi sukánà sí i. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ òun kò lè rìn tó bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ohun tí ẹ fẹ́ bi í.