Bí wọ́n ṣe ń tò fún kídìnrín ní Amẹ́ríkà, àti ìṣirò tó dá aláwọ̀ dúdú dúró

Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní 90,000 èèyàn tó ń dúró de kídìnrín. Yàtọ̀ sí pé kí ẹ̀jẹ̀ àti ara bára mu, iye àkókò tí aláìsàn ti fi dúró wà lára ohun tó wúwo jù nínú ètò náà. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò yẹn fúnni ṣe pàtàkì gan-an, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti rẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kíkà náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Èyí tó dára jù ni kí orúkọ rẹ̀ wọlé ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí agbára kídìnrín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní eGFR, bá ti já wá sí 20 tàbí kó kéré sí i. Ẹni tó bá rí kídìnrín gbà láìtíì dé ìdí ẹ̀rọ bọ́ lọ́wọ́ jíjókòó fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Wọn kì í wọn eGFR ní tààrà. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á wo iye creatinine inú rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kídìnrín sẹ́ jáde, wọ́n á wá fi ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ṣírò rẹ̀. Ìlànà tó jáde lọ́dún 1999 àti ti 2009 tún fi ohun kan kún un: bí aláìsàn bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n fi bíi 1.2, tàbí 1.159 nínú ti 2009, sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Àlàyé wọn ni pé iṣan aláwọ̀ dúdú pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe nígbà náà. Obìnrin méjì tí ọjọ́ orí àti creatinine wọn dọ́gba lọ ṣe àyẹ̀wò. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 19, àkókò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti aláwọ̀ dúdú di 22, wọ́n ní kó lọ, kó padà wá. Kí 22 tó wálẹ̀ dé 20, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, àrùn náà kò sì dúró dè é. Ì báà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Houston, ì báà jẹ́ ẹni tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wà ní Georgia láti ayé ẹrú, ìṣirò kan náà ni. Kò sí ẹni tó wọn iṣan ẹnì kankan.

Iṣẹ́ abẹ náà ti di ohun tí ọwọ́ àwọn dókítà mọ̀ dáadáa láti ìgbà tí Joseph Murray ti ṣe é yọrí láàárín ìbejì méjì ní Boston lọ́dún 1954. Ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n ń fi kídìnrín tuntun sí. Ti àtijọ́ sábà máa ń wà níbi tó wà. Wọ́n á rán iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti aláìsàn, wọ́n á so ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ mọ́ àpò ìtọ̀. Bí wọ́n bá ti tú ohun tí wọ́n fi dí ẹ̀jẹ̀, kídìnrín tó ti funfun nínú yìnyín á pọ́n, nígbà mìíràn ìtọ̀ á ti máa kán kí wọ́n tó rán ikùn pa. Lẹ́yìn náà ni oògùn ojoojúmọ́ bíi tacrolimus, tí kì í jẹ́ kí ara bá àlejò náà jà, àmọ́ tó ń jẹ́ kí àkóràn àti jẹjẹrẹ tètè rí ààyè. Títí di ìparí 2022, ètò ìlera ìjọba, Medicare, kì í san owó oògùn yìí kọjá oṣù 36 fún ọ̀pọ̀ ẹni tí kò tíì tó ọmọ ọdún 65. Ẹni tí kò rówó rà á lè padà sídìí ẹ̀rọ.

Ohun àjogúnbá kan wà tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, àmọ́ kì í ṣe àwọ̀. APOL1 lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí rí oríṣi rẹ̀ méjì tó wọ́pọ̀ lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, tí kò sì sí lára àwọn ará Yúróòpù. Ó ń gbani lọ́wọ́ irú àìsàn oorun kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wà nínú ewu àrùn kídìnrín ju ẹlòmíì lọ. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ni kò gbà á lọ́nà méjèèjì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi í hàn, kì í ṣe àpótí tí wọ́n fàmì sí nínú fọ́ọ̀mù.

Lọ́dún 2021 ni àwọn ẹgbẹ́ dókítà kídìnrín fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí kò béèrè àwọ̀. Láti oṣù Kìíní 2023, OPTN, àjọ tó ń bójú tó ètò náà, ní kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ kídìnrín tún fáìlì àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń dúró yẹ̀ wò, kí wọ́n sì dá àkókò padà fún ẹni tó tọ́ sí. Nígbà tó fi di oṣù Kẹta 2024, ó lé ní 14,000 èèyàn tó gba àkókò padà, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ ọdún méjì. Ẹ ronú ohun tí ọdún méjì jẹ́ fún ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ.

Àtúnṣe yìí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí dókítà rẹ̀ rí 22 tí kò sì darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ kídìnrín rárá, nítorí kò ní fáìlì tí wọ́n máa ṣí. Aláwọ̀ dúdú tó ń dúró lónìí lè béèrè bóyá wọ́n ti yẹ èsì àtijọ́ òun wò. Bí èsì náà bá wà lọ́wọ́ dókítà mìíràn, kó gbà á níbẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn náà.