Ohun tí òrùlé ń ṣe lórí afárá onígi

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí afárá onígi tó ní òrùlé ní ìgbèríko Vermont, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, lè rò pé torí àwọn tó ń kọjá ni wọ́n ṣe bò ó. Rárá o. Àwọn igi tó gbé afárá náà ró gan-an ni wọ́n ń dáàbò bò lọ́wọ́ òjò.

Igi tó tutù tó sì tètè gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹrà. Oríkèé, níbi tí igi méjì ti pàdé, ni ewu wà. Omi á wọ ibẹ̀, kò ní ríbi gbẹ, igi á sì máa jẹrà láti inú nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dára lójú. Afárá tí wọn ò bò lè má lò tó 20 ọdún. Tí wọ́n bá bò ó, òrùlé àti pákó ẹ̀gbẹ́ ni òjò ń bà jẹ́, ìwọ̀nyẹn kò sì ṣòro láti pààrọ̀. Ìdí nìyí tí Adájọ́ Richard Peters fi rọ̀ wọ́n láti bo afárá tí Timothy Palmer kọ́ sórí odò Schuylkill ní Philadelphia, èyí tí wọ́n ṣí ní 1805.

Ní 1820, Ithiel Town, ayàwòrán ilé kan ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (patent) lórí ọgbọ́n kan tí káfíńtà abúlé lè lò. Wọ́n á to pákó ní ìdábùú, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí ojú àwọ̀n, wọ́n á lu ihò síbi tí wọ́n ti pàdé, wọ́n á sì fi èèkàn igi gbá wọn mọ́ra. Tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù bá gun afárá, ẹrù náà á pín sára ọ̀pọ̀ pákó àti èèkàn, kò ní já lé ẹyọ kan lórí.

Irú rẹ̀ ni afárá Cornish–Windsor lórí odò Connecticut, láàárín ìpínlẹ̀ New Hampshire àti Vermont. James Tasker àti Bela Fletcher kọ́ ọ ní 1866, lẹ́yìn tí àkúnya omi gbé èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Ó gùn tó nǹkan bí 450 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n ń gba owó oníbodè níbẹ̀ títí di 1943, àkọlé ẹnu rẹ̀ sì kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ rọra rìn á san dọ́là 2. Eré ẹṣin ń mi afárá jìgìjìgì. Nígbà òtútù, ṣe ni wọ́n máa ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín wọ irú àwọn afárá bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ tí ẹṣin ń wọ́ lórí yìnyín lè rí ọ̀nà yọ̀ kọjá.

Òrùlé kò lè dá àkúnya omi dúró, ṣá. Ní oṣù kẹjọ 2011, omi ìjì Irene wó afárá Bartonsville ní Vermont, tí wọ́n kọ́ ní 1870. Àwọn ará ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi kọnkéré rọ́pò rẹ̀: onígi, olórùlé, ni wọ́n tún kọ́, wọ́n sì ṣí i ní 2013.