Ratha Yatra, Ọdún Kẹ̀kẹ́ Ńlá Ìlú Puri

Ratha Yatra ni ọdún ńlá tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń ṣe lọ́dọọdún ní Puri, ìlú kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Odisha, ìlà-oòrùn Íńdíà. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́. Òrìṣà mẹ́ta tó ń gbé inú tẹ́ńpìlì kan náà ló máa ń jáde: Jagannath, tí wọ́n kà sí Krishna, òrìṣà ńlá kan nínú ẹ̀sìn Híńdù; Balabhadra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin; àti Subhadra, àbúrò wọn obìnrin. Oníkálukú ló ní kẹ̀kẹ́ onígi tirẹ̀, tó ga tó ilé alájà mẹ́ta sí mẹ́rin. Èrò ló ń fi okùn fà wọ́n gba òpópónà Bada Danda, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, títí dé tẹ́ńpìlì Gundicha. Wọ́n á ṣe àlejò níbẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án, tí a bá ka ọjọ́ tí wọ́n jáde mọ́ ọn.

Ọjọ́ ìjáde ni ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí òṣùpá bá lé tuntun nínú oṣù Ashadha. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ yìí, nítorí náà kì í dúró sójú kan nínú kàlẹ́ńdà tiwa: ó lè bọ́ sí Oṣù Kẹfà, ó sì lè bọ́ sí Oṣù Keje.

Tẹ́ńpìlì Jagannath, tí Ọba Anantavarman Chodaganga bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá, kì í gba ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù wọlé. Ní ọjọ́ kẹ̀kẹ́, kò sí ìdènà. Ẹ̀sìn yòówù kí èèyàn máa ṣe, ó lè fojú kan òrìṣà náà ní gbangba, ó sì lè di okùn kẹ̀kẹ́ mú. Akéwì kan wà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó ń jẹ́ Salabega. Mùsùlùmí ni bàbá rẹ̀, kò sì láǹfààní láti wọ tẹ́ńpìlì, bẹ́ẹ̀ Jagannath ló ń kọrin sí. Lójú ọ̀nà Bada Danda ni sàréè rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ Jagannath sì máa ń dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àwọn òrìṣà náà

Igi ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, igi tí a mọ̀ sí dóńgóyárò. Jagannath dúdú, Balabhadra funfun, Subhadra pọ́n bí ìyeyè. Orí wọn tóbi, ojú Jagannath rí roboto bí àwo, apá rẹ̀ kò ní àtẹ́lẹwọ́, kò sì ní ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹrin wọn ni Sudarshan, tó rí bí òpó igi lásán, tó sì máa ń bá Subhadra gun kẹ̀kẹ́ kan náà. Ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Híńdù, ère kékeré onírin ni wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ ọdún, ti inú lọ́hùn-ún kì í kúrò lójú kan. Ní Puri, àwọn gan-an tí wọ́n ń bọ nínú yàrá mímọ́ ló ń jáde, ìdí rèé tí gbogbo ètò náà fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Igi a máa gbó. Nígbà tí kàlẹ́ńdà òṣùpá bá mú kí oṣù Ashadha wáyé ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọdún kan, wọ́n á wá dóńgóyárò tuntun, wọ́n á gbẹ́ ara tuntun, wọ́n á sì sin ti àtijọ́ sínú ilẹ̀ ní ọgbà tẹ́ńpìlì. Ètò yìí ni Nabakalebara. Ó wáyé ní 1969, 1977, 1996 àti 2015.

Kíkan kẹ̀kẹ́

Ọdọọdún ni wọ́n ń kan kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lákọ̀tun. Ọjọ́ Akshaya Tritiya, tó máa ń bọ́ sí Oṣù Kẹrin tàbí Oṣù Karùn-ún, ni iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní gbangba lójú títì, ó sì máa ń gbà tó oṣù méjì. Igi phassi, dhaura àti asana ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń lò. Phassi ni wọ́n ń fi ṣe àgbá, ìyẹn ẹsẹ̀ roboto tí kẹ̀kẹ́ fi ń yí, torí pé ó le, kì í sì í tètè là. Irú igi yìí ti ń dín kù nínú igbó, ìjọba Odisha sì ti ń gbin òmíràn dípò rẹ̀.

Ìdílé ìdílé ni iṣẹ́ náà. Àwọn Maharana ni kàfíntà, àwọn Rupakara ń gbẹ́ ọnà sára igi, àwọn Chitrakara ń kùn ún, àwọn Ojha jẹ́ alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìṣó àti òrùka irin, àwọn Darji sì ni télọ̀. Wọn kì í ya àwòrán sórí ìwé. Ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ni ìwọ̀n wọn, ọmọ sì ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ bàbá.

Kẹ̀kẹ́ Jagannath, Nandighosa, ní àgbá 16, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 45. Taladhwaja ti Balabhadra ní 14, Darpadalana ti Subhadra ní 12. Àgbá gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 42, ìkọ̀ọ̀kan sì ga ju èèyàn lọ, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méje. Aṣọ tí wọ́n fi bo òkè ni èèyàn fi ń dá wọn mọ̀ láti òkèèrè: gbogbo wọn ló ní pupa, Jagannath fi òféfèé kún un, Balabhadra fi àwọ̀ ewé, Subhadra fi dúdú. Ẹṣin onígi mẹ́rin wà níwájú kọ̀ọ̀kan, funfun fún Jagannath, dúdú fún Balabhadra, pupa fún Subhadra. Ẹwà ni àwọn ẹṣin wọ̀nyí wà fún, wọn kì í fa nǹkan kan.

Tí ọdún bá parí, wọ́n á tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀. Àwọn ẹṣin, awakọ̀ onígi àti àwọn ère kéékèèké ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń tọ́jú dé ọdún tó ń bọ̀. Púpọ̀ nínú igi yòókù ń di igi ìdáná ní ilé ìdáná tẹ́ńpìlì.

Ìwẹ̀ àti ibà

Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀ ṣáájú ìjáde, ní ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, wọ́n á gbé àwọn òrìṣà sórí pẹpẹ gíga kan, wọ́n á sì fi ìkòkò omi 108 wẹ̀ wọ́n. Ìpín rẹ̀ rèé: Jagannath 35, Balabhadra 33, Subhadra 22, Sudarshan 18. Omi náà ń wá láti inú kànga kan tí wọn kì í sábà ṣí títí ọjọ́ yìí fi máa pé. Lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n á wọ Jagannath àti Balabhadra ní aṣọ tó ń jẹ́ kí wọ́n jọ erin.

Ibà á wá mú wọn, bí àwọn olùsìn ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n á gbé wọn pamọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ń pè ní Anasara. Èso àti àgbo ni oúnjẹ wọn, ìrẹsì kò kàn wọ́n. Àwọn Daitapati ló ń tọ́jú wọn. Ìdílé yìí ka ara wọn sí ọmọ Viswavasu, olórí àwọn ará igbó Sabara tó kọ́kọ́ ń bọ òrìṣà náà, nítorí náà ẹbí aláìsàn ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ igi àti àwọ̀ á tètè rí nǹkan míì nínú rẹ̀: àwọ̀ ìbílẹ̀ ni wọ́n fi kun ère náà, ìkòkò omi 108 kò sì lè ṣàì bà á jẹ́. Inú ọjọ́ ibà yìí ni wọ́n ń tún wọn kùn. Ojú ni wọ́n ń kùn kẹ́yìn, nígbà tí ọjọ́ ibà bá parí lèrò sì máa ń rí wọn padà.

Láàárín àkókò yìí, ọ̀pọ̀ èrò máa ń lọ kí òrìṣà Alarnath ní Brahmagiri, kí wọ́n má baà wá sí Puri lásán. Kàlẹ́ńdà òṣùpá náà a sì máa fún ètò pọ̀ nígbà míì. Ní 2024, ọjọ́ ibà kò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kíkun ojú, ìrísí àkọ́kọ́ àti ìjáde wá bọ́ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, 7 Oṣù Keje. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi fa kẹ̀kẹ́. Ó ti di 1971 tí irú rẹ̀ ti wáyé kẹ́yìn.

Ọjọ́ ìjáde

Wọn kì í fi àga gbé òrìṣà jáde. Àwọn olùsìn á fi okùn sí i lára, àwọn kan á máa fà níwájú, àwọn kan á máa tì lẹ́yìn, wọ́n á máa mì ín síwá-sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan ìdúró kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Agogo á máa dún kíkankíkan. Adé ńlá tí wọ́n fi òdòdó àti ọparun ṣe á máa jó lórí rẹ̀, òdòdó á sì máa já bọ́ sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Pahandi nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró dè ju fífa kẹ̀kẹ́ gan-an lọ. Sudarshan ló ń ṣáájú, Balabhadra á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Subhadra, Jagannath á kẹ́yìn.

Tí wọ́n bá ti jókòó tán, Gajapati, ọba Puri, á dé. Yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi ìgbálẹ̀ olówó wúrà gbá ilẹ̀ rẹ̀, yóò sì wọ́n omi olóòórùn dídùn àti òdòdó síbẹ̀. Chhera Pahanra lorúkọ iṣẹ́ yìí. Ọba kì í rán ẹlòmíràn ṣe é bí ó bá wà ní Puri.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń yọ àtẹ̀gùn onígi, tí wọ́n ń kan àwọn ẹṣin mọ́ iwájú, tí wọ́n sì ń so okùn èèpo àgbọn. Taladhwaja ló ń kọ́kọ́ gbéra, Darpadalana ṣìkejì, Nandighosa ló ń kẹ́yìn.

Kẹ̀kẹ́ náà kò ní ohun tí a fi ń yí orí rẹ̀, kò sì ní bíréèkì. Bí ó bá ń yà sápá kan, àwọn tó di okùn apá kejì mú ló gbọ́dọ̀ fà á padà. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a dúró, ìtì igi ni wọ́n ń jù síwájú àgbá. Àṣẹ ń ti òkè wá, látẹnu ẹni tí wọ́n ń pè ní Dahuka, tó dúró síwájú kẹ̀kẹ́, tó ń fi orin dá èrò lára yá. Ìṣòro ni pé àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ pé wọ́n ti ní kí wọ́n dúró. Wọ́n á ṣì máa fà nígbà tí àwọn iwájú ti jọ̀wọ́ okùn, kẹ̀kẹ́ á sì forí lé ẹ̀gbẹ́ títì. Wọn kì í fà á lóru: ibi tí ilẹ̀ bá ṣú sí ni òrìṣà á sùn.

Òyìnbó ayé àtijọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ńṣe ni àwọn olùsìn ń ju ara wọn sábẹ́ àgbá, orúkọ Jagannath àti ìtàn yìí ló sì bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "juggernaut", ohun ńlá tó ń tẹ gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irú rẹ̀ lè ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n títì tí èrò ń ti ara wọn ló ń pa èèyàn jù. Ní 29 Oṣù Kẹfà 2025, èèyàn mẹ́ta kú nínú irú rẹ̀ nítòsí Gundicha ní ìdájí. Ọdún kan ṣáájú, Balabhadra yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Gundicha, àwọn olùsìn kan sì fara pa. Ní 2020, nítorí Kòrónà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà kọ́kọ́ fòfin de ọdún náà, ó sì gbà á láyè nígbà tó ku ọ̀la, bí èrò kò bá ní wá wò ó.

Ìyàwó tó wà nílé

Jagannath kò mú Lakshmi, ìyàwó rẹ̀, dání. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Hera Panchami, wọ́n á fi àga gbé Lakshmi wá sí Gundicha láti wá bi í pé kí ló dé. Kò ní rí ìdáhùn gidi. Ìbínú á mú un, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ á ṣẹ́ igi díẹ̀ lára Nandighosa, wọ́n á sì gba ọ̀nà kọ́rọ́ sá padà sílé.

Nígbà ìpadàbọ̀, tí wọ́n ń pè ní Bahuda, wọ́n á dúró ní tẹ́ńpìlì Mausi Maa, àbúrò ìyá wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún wọn ní poda pitha. Ìrẹsì àti biri, ẹ̀wà dúdú kékeré kan, ni wọ́n ń lọ̀ fún un. Wọ́n á fi àgbọn àti ṣúgà ìrèké pupa sí i, wọ́n á sì yan án lórí iná tí kò le títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú.

Wọn kì í wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Níwájú ilẹ̀kùn kìnnìún tẹ́ńpìlì, lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, wọ́n á fi wúrà ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́: adé, ọwọ́ wúrà, ẹsẹ̀ wúrà. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Adhara Pana. Ìkòkò amọ̀ gíga mẹ́ta ni wọ́n ń gbé síwájú òrìṣà kọ̀ọ̀kan, tí ẹnu rẹ̀ kan ètè òrìṣà. Wàrà, ṣúgà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata dúdú wà nínú ohun mímu náà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi rúbọ, wọ́n á fọ́ ìkòkò náà mọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í mu nínú rẹ̀, torí pé ti àwọn ẹ̀mí àìrí tó ń tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ni.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, Balabhadra àti Subhadra á wọlé láìsí wàhálà. Ní ti Jagannath, Lakshmi á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn olùsìn ọkọ àti ti ìyàwó á máa fọ̀rọ̀ gún ara wọn lára ní ẹnu ọ̀nà, títí Jagannath á fi fi rasagola bẹ̀ ẹ́. Wàrà tí wọ́n ká roboto tí wọ́n sì sè nínú omi ṣúgà ni rasagola. Odisha àti West Bengal ti jà gan-an lórí ẹni tó ni ín. West Bengal gba ìwé ẹ̀rí fún irú tirẹ̀ ní 2017, Odisha gba tirẹ̀ ní 2019.

Níbòmíràn

Ahmedabad ní ìpínlẹ̀ Gujarat àti Mahesh ní West Bengal náà ní Ratha Yatra tó lókìkí. Ẹgbẹ́ ISKCON, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Hare Krishna, gbé e dé San Francisco ní 1967 àti London ní 1969. Kẹ̀kẹ́ tiwọn kéré, ó ní bíréèkì, òkè rẹ̀ sì ṣeé ká wálẹ̀ bí wáyà iná bá dí ọ̀nà. Ọjọ́ tí ìjọba ìlú bá fún wọn láyè ni wọ́n ń lò, ìparí ọ̀sẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Àwọn aláṣẹ tẹ́ńpìlì Puri kò fara mọ́ èyí: wọ́n ní òrìṣà kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí òṣùpá kò bá tíì pè é.