Nọ́ńbà àtijọ́, ihò tí wọ́n ti dí: bí Debian ṣe ń tún àléébù ààbò ṣe

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n kéde Heartbleed, àléébù inú OpenSSL (sọ́fíwìà tí server fi ń dáàbò bo ìsọfúnni tó ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), tó ń jẹ́ kí àjèjì lè máa yọ́ ka ohun tó wà nínú ìrántí server. Àwọn tó ń kọ OpenSSL gbé ẹ̀yà 1.0.1g jáde láti dí i. Debian 7, ẹ̀yà keje Debian, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó dá lórí Linux, kò gba 1.0.1g. Ó dúró sórí 1.0.1e tirẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dí ihò náà.

Ìdí ni pé Debian stable (ẹ̀yà Debian tí wọ́n ti gbé jáde fún ìlò gbogbo ènìyàn) kì í ṣàdéédé gba ẹ̀yà tuntun. Yàtọ̀ sí ihò tí ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ dí, ó lè mú ìyípadà mìíràn wọlé, tí yóò da iṣẹ́ ẹni tó gbára lé ti àtijọ́ rú. Nítorí náà, àtúnṣe ààbò nìkan ni alábòójútó package (sọ́fíwìà tí Debian ti dì fún ìlò) máa ń yọ, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ kóòdù àtijọ́. Ó rọrùn lẹ́nu. Bí kóòdù bá ti yí padà gan-an láàárín ẹ̀yà méjèèjì, àfi kó lóye àléébù náà dáadáa, kó sì fúnra rẹ̀ tún àtúnṣe náà kọ. (Firefox ò ṣeé ṣe báyìí, ẹ̀yà ESR tuntun, ìyẹn èyí tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ máa ń pẹ́, ni wọ́n ń gbé wọlé fún un.)

Àmọ́ ìbéèrè kan ṣáájú: ṣé àléébù náà tiẹ̀ wà nínú ẹ̀yà àtijọ́? Heartbleed kò kan Debian 6, torí OpenSSL 0.9.8 tó wà níbẹ̀ kò ní kóòdù tó fa wàhálà náà.

Àwọn tó ń bójú tó ààbò Debian lè ti gbọ́ nípa àléébù kan kí aráyé tó gbọ́. Lórí linux-distros, ìlà ímeèlì tí àwọn distro (àwọn ètò Linux bíi Debian) ti ń pín irú ìròyìn yìí láàárín ara wọn, àṣírí náà kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ.

Àtúnṣe Heartbleed jáde pẹ̀lú nọ́ńbà 1.0.1e-2+deb7u5. Ìparí nọ́ńbà náà ló ṣe pàtàkì jù, "deb7u5" yẹn. Sọ́fíwìà ayẹ̀wò tó ń wá àléébù, tó bá ka 1.0.1e nìkan, yóò pariwo lásán. Nọ́ńbà CVE, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fún àléébù ààbò (CVE-2014-0160 ni ti Heartbleed), ló yẹ kéèyàn fi wá a nínú Debian Security Tracker, ojúlé tí Debian ti ń ṣàkọsílẹ̀ irú àléébù bẹ́ẹ̀.

Kí package tuntun sì wọlé nìkan kò tó. Server tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń lo OpenSSL àtijọ́ tó wà nínú ìrántí, àfi tí wọ́n bá tún un tan.