Ìparí fíìmù àkṣọ̀n tó dàrú mọ́ni lójú: tá a bá tún un wò, ṣé á yé wa?

Àbúrò mi kan ní Ṣàgámù ló da ìbéèrè bò mí lẹ́yìn tó wo Tenet tán, fíìmù Christopher Nolan tó jáde ní 2020, níbi tí àwọn kan ti lè máa rìn padà sẹ́yìn nínú àsìkò. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wò ó, màá sọ bó ṣe parí o.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ogun tí wọ́n jà níparí yẹn, mi ò mọ ẹni tó ń yìnbọn sí ta. Ṣé kí n tún un wò ni àbí kí n kúkú dá dátà mi sí?

Ìdáhùn: Tún un wò, á yé ẹ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fíìmù ni màá sọ bẹ́ẹ̀ fún, torí oríṣi ìdàrú méjì ló wà. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó yẹ kó o mọ̀ ló wà níbẹ̀, ó kàn ń sáré ju ojú ẹ lọ ni. Ìkejì, wọn ò tiẹ̀ fi hàn ẹ́ rárá, bó o sì ń wò ó títí di Iléyá tó ń bọ̀, ohun tí ò sí nínú àwòrán ò ní débẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá wà nínú Tenet tí mi ò rí?

Ìdáhùn: Wo apá wọn. Àwọn sójà tó ń lọ síwájú bí gbogbo wa ṣe ń lọ, nǹkan pupa ni wọ́n so mọ́ apá, àwọn tí àsìkò ń gbé padà sẹ́yìn so búlúù. Ìṣẹ́jú 10 kan náà ni ikọ̀ méjèèjì fi ń jà, àmọ́ ibi tí àwọn pupa ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn búlúù ń parí sí, ìdí nìyẹn tí ilé gíga yẹn fi ń tò padà nísàlẹ̀ bí òkè ẹ̀ ṣe ń fọ́. Àlejò tó bá wá wo Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, èrò lásán ló máa rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ aṣọ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá lọ́dún yẹn, wọn ò tíì pe orúkọ wọn tó ti mọ regbérégbé tó ń bọ̀. Pupa àti búlúù yẹn náà nìyẹn.

Wàá tún wá wo báàgì ẹ̀yìn Neil, ọ̀rẹ́ ọkùnrin tí fíìmù dá lé lórí, dáadáa. Okùn pupa kékeré kan so mọ́ ọn. Okùn yẹn ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀, nílé opera ní Kiev, lára ẹni tó gba ọkùnrin tí fíìmù dá lé lórí là. Níparí, òkú kan wà lẹ́yìn géètì irin tí wọ́n tì pa, okùn kan náà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, òkú ọ̀hún sì dìde torí àsìkò ń gbé e padà sẹ́yìn, ó fara gba ọta tó yẹ kó ba ọkùnrin yẹn, ó ṣí géètì, ó wá fi ẹ̀yìn sá lọ. Neil ni òkú yẹn. Wọ́n fi okùn yẹn hàn wá nígbà tó ń dágbére, lóòótọ́, àmọ́ ariwo ìbọn ti gba gbogbo orí ẹ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, o ti mọ ibi tó ń lọ kó tó lanu, ìdágbére yẹn á sì dùn ẹ́ wọra. Èmi ò mọ̀ bóyá ibòmíì wà nínú fíìmù yẹn tó dáa tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ náà o.

Ìdáhùn: Kì í ṣe etí ẹ. Wọ́n fi nǹkan bo ẹnu, orin ń ké lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló pariwo ẹ̀ nígbà tó jáde. Tan ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀.

Ìbéèrè: Èwo wá ni kí n má padà sí?

Ìdáhùn: Transformers ti 2009, ìjà tó parí sí Íjíbítì níbi píramídì. Àwọn Decepticon, ìyẹn àwọn rọ́bọ́ọ̀tì burúkú inú ẹ̀, púpọ̀ wọn jẹ́ àwọ̀ irin, eruku bò wọ́n, kámẹ́rà sún mọ́ wọn jù, tí méjì bá wọ̀yá ìjà o ò ní mọ ẹni tó ni apá. Wàá mọ ẹni tó borí, àmọ́ bó ṣe borí ò sí nínú àwòrán. Ó máa ń dùn mí tí èèyàn bá rò pé òye òun ló kéré.

Àwọn kan á ní torí wọ́n ń já àwòrán kíákíá ni, ìyẹn ni pé wọ́n ń fò láti àwòrán kan sí òmíì. Mi ò gbà. Àwòrán tí wọ́n já nínú Mad Max: Fury Road ti 2015 lé ní 2,000, kò sì dàrú, torí George Miller tó darí ẹ̀ àti John Seale tó di kámẹ́rà mú gbé ohun tó ṣe pàtàkì sí àárín gbùngbùn, ojú ẹ ò ní máa wá a kiri. Margaret Sixel tó to àwòrán ọ̀hún pọ̀ gba Oscar lé e lórí ní 2016. Bàbá Ogunde tiwa náà, ará Òsọ́sà, nínú fíìmù Ayé ti 1979, tí Òṣẹ́tùrá babaláwo bá kojú àwọn àjẹ́, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó á mọ ẹni tó ń bá ta jà.

Ìbéèrè: Fóònù ni mo fi wò ó, ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó wà níbẹ̀ dáadáa! Pàápàá kọ́pì tí ẹnì kan fi kámẹ́rà ká nínú sinimá, ó ṣú, búlúù àti pupa á di dúdú. Wá kọ́pì tó mọ́, wò ó lóru, pa iná yàrá. Má bẹ̀rẹ̀ látorí ogun yẹn o, ilé opera ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.