Dísì kan, yàrá mẹ́ta: bí díkódà àtijọ́ àti tuntun ṣe lè jọ ṣiṣẹ́

Ẹni tó ra Explora, díkódà DStv tó ń gba fíìmù sílẹ̀, sí pálọ̀, tó sì fẹ́ gbé díkódà HD àtijọ́ wọ yàrá kí àwọn ọmọ máa rí nǹkan wò, sábà máa ń rò pé wáyà ló kù. Á ra splitter kékeré lọ́jà, á fi pín wáyà tó ti orí òrùlé wá sí méjì. Tó bá so ó tán, díkódà kan á máa ṣiṣẹ́, èkejì á ní òun ò rí sígínáà. Tàbí kí ìkànnì kan wà, kí òmíràn pòórá. Díkódà kò bàjẹ́, dísì kò sì yẹ̀. Ohun tó ń lọ nínú wáyà yẹn ni kò yé ẹni tó pín in.

Sátẹ́láìtì tó ń gbé DStv wá sí Nàìjíríà wà ní 36° ìlà-oòrùn, ó sì ga ju ilẹ̀ lọ ní nǹkan bíi 35,786 kìlómítà. Ní Èkó, dísì á kọjú sí ìlà-oòrùn, á yà díẹ̀ sí gúúsù, á sì gbójú sókè tó 51°. Ìgbì tó ń gbà wà láàárín 10.7 àti 12.75 GHz. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kò lè rìn jìnnà nínú wáyà kó má kú, ìdí nìyẹn tí LNB, orí kékeré tó dojú kọ dísì, fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí àárín 950 àti 2150 MHz kó tó rán an wọlé.

Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò lè gba inú wáyà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe ni wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ìgbì òòró àti ìgbì ìbú, kálukú pẹ̀lú apá ìsàlẹ̀ àti apá òkè. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹnu LNB lásán máa ń dà sílẹ̀, díkódà ló sì ń sọ èyí tó fẹ́. Tó bá rán iná fóltì 13 gba inú wáyà lọ, òòró ló ń bèèrè. Tó bá jẹ́ 18, ìbú ni. Tó bá fi ohùn 22 kHz lé e, apá òkè ló fẹ́. Bí ẹ ṣe ń tẹ rìmóòtù láti ìkànnì kan sí òmíràn ni ìbéèrè yìí ń yí padà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí splitter ń dá sílẹ̀. Díkódà pálọ̀ ń bèèrè 13, ti yàrá ń bèèrè 18, ẹnu LNB kan kò sì lè dá àwọn méjèèjì lóhùn pọ̀. Ẹni tó rán 18 ló sábà máa ń borí, ìkànnì ẹnì kejì á sì lọ. Fún díkódà àtijọ́, kò sí ọgbọ́n míì: kálukú gbọ́dọ̀ ní ẹnu tirẹ̀, tó sábà máa ń wà lára LNB, àti wáyà tirẹ̀. Twin LNB ní ẹnu méjì, quad ní mẹ́rin.

Explora, tó jáde ní 2013, gba ọ̀nà míì wọlé. Unicable ló ń lò, ọ̀nà tí wáyà kan fi ń gbé ìgbì oríṣiríṣi pọ̀, èyí tí ìlànà EN 50494 ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣàpèjúwe. Kì í bèèrè ìdá kan nínú mẹ́rin mọ́. Ó ń fi DiSEqC, èdè tí díkódà fi ń bá LNB sọ̀rọ̀, ránṣẹ́ pé ìgbì báyìí gan-an ni òun ń fẹ́. Smart LNB, ìyẹn LNB tó gbọ́ èdè Unicable, á mú un, á sì gbé e sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún tuner yẹn (apá tó ń mú ìkànnì nínú díkódà), bíi 1210 tàbí 1420 MHz. Àyè tó tó mẹ́jọ lè wà nínú wáyà kan ṣoṣo. Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ lè máa gba fíìmù kan sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń wo bọ́ọ̀lù nìyẹn, láìfi wáyà kejì kún un.

Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ẹ kàn ki wáyà bọ ẹnu tó bá ṣí sílẹ̀ lára Smart LNB. Ẹnu tí wọ́n kọ Unicable sí, ti Explora ni. Àwọn ẹnu tó kù, ti díkódà àtijọ́. Tí ilé bá tóbi, ẹ lè lo multiswitch: wáyà mẹ́rin láti LNB á wọ inú rẹ̀, ẹnu oríṣi méjèèjì á sì jáde.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tún yàtọ̀. XtraView ló ń jẹ́ kí díkódà méjì tàbí mẹ́ta wà lórí àkáǹtì kan, pẹ̀lú owó díẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀ lórí àkáǹtì. Lẹ́yìn náà ni wáyà heartbeat, tí kò kan dísì rárá: láti ẹnu RF Out díkódà àgbà, ti pálọ̀, sí ẹnu RF In ti yàrá. Òun ló ń jẹ́rìí pé ilé kan náà ni wọ́n wà, pé wọn ò gbé ọ̀kan fún aládùúgbò. Tó bá já, díkódà yàrá á dákẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá so yàrá mọ́ inverter, tí wọ́n sì fi pálọ̀ sílẹ̀: bí iná ṣe lọ ní pálọ̀, heartbeat lọ nìyẹn. Inverter kan náà ló yẹ kó gbé méjèèjì.

Tó bá jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo ilé fẹ́ máa wò, HDMI splitter àti wáyà gígùn ti tó, ẹ ò nílò díkódà kejì.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ dísì nígbà tí díkódà kan ṣoṣo ń tàn. Ẹ tan gbogbo wọn pọ̀, ẹ gbé kálukú sí ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ wá máa yí ìkànnì ọ̀kan nínú wọn bí ẹ ṣe ń wo àwọn tó kù bóyá àwòrán wọn á já.