Kí ni ọlọ́pàá ń gun alùpùpù wá ṣe nínú oko? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní àwọn agbègbè oko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú bíi Lincolnshire àti North Yorkshire, ènìyàn lè máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́bàá oko kí ó ṣàdédé rí ọlọ́pàá méjì lórí alùpùpù, ẹrẹ̀ ti bò wọ́n dé orúnkún. Àwọn ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé e nìyí.

Ṣé mọ́tò ọlọ́pàá kò tó ni?

Kò tó. Ilẹ̀ tí ọlọ́pàá North Yorkshire ń ṣọ́ fẹ̀ ju 8,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ọ̀dàn, oko àti òkè ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mọ́tò ńlá lè gun òkè, àmọ́ kò lè gba ọ̀nà tóóró tí àgùntàn ń tọ̀. Alùpùpù á gbà á kọjá.

Ṣé alùpùpù tí wọ́n fi ń ṣọ́ títì náà ni?

Rárá o. BMW R 1250 RT tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá fi ń ṣọ́ títì wúwo tó nǹkan bí 280 kílò. Tó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, iṣẹ́ dé. Ti inú oko sábà máa ń fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa, ó ga nílẹ̀, eyín táyà rẹ̀ sì máa ń wọ ilẹ̀ dáadáa.

Ta ni wọ́n ń wá?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí, nítorí ẹni tí kò gbé oko kì í mọ ohun tí ojú àwọn àgbẹ̀ ń rí. Bí wọ́n bá ti kórè tán, tí oko sì ti di gbalasa, àwọn kan á kó ajá wá láti ọ̀nà jíjìn kí ajá máa lé ehoro, kí wọ́n sì máa ta tẹ́tẹ́ lé e. Wọ́n á wa ọkọ̀ gba orí irúgbìn kọjá, wọ́n á fọ́ géètì, wọ́n á sì halẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀. Òfin ọdẹ ti 2004 fi òpin sí ìdíje ehoro lílé. Òfin mìíràn ní 2022 wá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú èrò láti fi ajá lé ehoro. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 lè jẹ́ tirẹ̀. Operation Galileo ni ọlọ́pàá Lincolnshire ń pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti kojú rẹ̀.

Wọ́n tún ń wá àwọn tó ń jí alùpùpù onítáyà mẹ́rin tí àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, àti àwọn tó ń gun alùpùpù níbi tí kò yẹ.

Ilẹ̀ tó ṣófo ńkọ́? Ta ni gígun alùpùpù níbẹ̀ ń pa lára?

Àgùntàn tó lóyún lè sáré títí oyún á fi bàjẹ́ lára rẹ̀. Àwọn ẹyẹ kan wà tí orí ilẹ̀ gan-an ni wọ́n ń yé sí. Arúgbó tó ń rìn lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò sì lè fò yẹ̀ ẹ́ lójijì.

Òfin ìrìnnà ti 1988 kà á léèwọ̀ láti wa ọkọ̀ sórí ọ̀dàn, ilẹ̀ àjùmọ̀ní, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin láìgba àṣẹ. Àyè kékeré kan tó fi sílẹ̀ ni pé ènìyàn lè yà kúrò lójú títì láti páàkì, tí kò bá ti ju yáàdì 15 lọ. Àwọn ọ̀nà oko kan wà tí òfin ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì, kí awakọ̀ sì ní láísẹ́ńsì. Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ òbí lójú ni kẹ̀kẹ́ oníná: bí agbára mọ́tò rẹ̀ bá kọjá wáàtì 250, ó ti kúrò ní kẹ̀kẹ́ lójú òfin.

Bí ọlọ́pàá bá rí àwọn tó ń gun alùpùpù níbi tí kò yẹ, kí ló dé tí wọn kì í sáré lé wọn?

Wọ́n máa ń lé wọn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá lè jẹ́ ọmọ ọdún 15 tí kò dé akoto, wáyà géètì kan ṣoṣo sì tó láti gba ẹ̀mí rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n fi sùúrù ṣe é. Wọ́n lè gbé drone sókè láti máa wo ibi tó gbà, tàbí kí wọ́n fọ́n omi àmì sí i lára, èyí tí ó máa hàn lára aṣọ àti awọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà. Wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe kọ òfin àtúnṣe ọlọ́pàá ti 2002, ìkìlọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wáyé. Bí ẹni náà bá tún ṣe é láàárín oṣù 12, alùpùpù rẹ̀ lọ nìyẹn. Ọlọ́pàá tó wọṣọ iṣẹ́ lè wọ inú ọgbà láti gbé e, àmọ́ kò lè torí ẹ̀ wọ inú ilé tí ènìyàn ń gbé.

Kí ni ará àdúgbò lè ṣe?

Ẹ má dí àwọn arúfin náà lọ́nà. Ẹ pe 101, nọ́ńbà ọlọ́pàá fún ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pàjáwìrì, tàbí 999, ti pàjáwìrì, bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tàbí bí ìwà ọ̀daràn náà bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ sọ àsìkò, àwọ̀ alùpùpù, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, géètì tí wọ́n gbà wọlé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún gba ibẹ̀ jáde, ibẹ̀ sì ni ọlọ́pàá á ti dúró dè wọ́n.